Ìdérí Idẹ Tó Wà Láyà Ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ìwé náà kí n tó fi ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìwé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan ni, irú èyí tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi máa ń fi sínú ọkọ̀ tuntun kí ẹni tó rà á lè mọ bí yóò ṣe lò ó. Ó wúlò. Ó sọ irú epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu, ó sọ iye èèyàn tí ọkọ̀ lè gbé tí kò fi ní rì, ó sì ya àwòrán gbogbo ihò, gbogbo wáyà àti gbogbo bọ́tìnnì. Àmọ́ ó ní àléébù tirẹ̀. Ọkọ̀ oríṣi mẹ́ta, kékeré, àárín àti ńlá, ni wọ́n fi ìwé kan ṣoṣo ṣàlàyé. Bóyá ahun ni wọ́n, bóyá wọ́n ń kánjú ni, n kò mọ̀. Bí o bá ń kà á, o ní láti máa bi ara rẹ léèrè ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan bóyá ìwọ ni wọ́n ń bá wí tàbí ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ ọ́ kò sì rí odò tiwa rí. Kò mọ̀ pé koríko ojú omi wa lè wọ ẹnu pọ́ǹpù kó sì fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn pa. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti le, á ní kí o kàn sí aṣojú àwọn tó sún mọ́ ọ jù lọ. Aṣojú wọn tó sún mọ́ wa jù lọ, òkun méjì ló wà láàárín àwa àti ẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ olóye tí yóò kà á pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ọwọ́ tí tiwa wá bọ́ sí, pẹ́nì ìbuwọ́lùwé nìkan ló máa ń mú dání.

Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́ Ìrékọjá Odò ni. Bí mo bá ní kí n pe oyè rẹ̀ tán, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti fi díẹ̀díẹ̀ kún un: Alákòóso Èbúté, Olùṣọ́ Etídò, Olùdarí Gbogbo Ohun Tó Bá Léfòó. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà kejì, fèrèsé ńlá rẹ̀ kọjú sí odò, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi gbẹ̀yìn, nítorí yanrìn máa ń wọ bàtà rẹ̀. Bí ó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, yàrá mẹ́ta ló ń dáhùn pẹ̀lẹ́. Àga rẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, wọ́n wá gbé àpótí kékeré kan síbẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Àpótí yẹn ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń nù ún láàárọ̀.

Akọ̀wé rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti tẹ̀ba títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró. Bí Ọ̀gá bá ní oòrùn mú, akọ̀wé á nu òógùn; bí Ọ̀gá bá yí ọ̀rọ̀ padà pé òtútù ni, akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ibi iṣẹ́ tiyín dáadáa, ẹ ó rí i níbẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ ti kú láti ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni àwọn ará òdìkejì odò fi ń kọjá, aláìsàn wọn, olùkọ́ wọn, aboyún wọn, pẹ̀lú ẹ̀rù, pẹ̀lú àdúrà. Nígbà tí tírélà gbé ọkọ̀ tuntun dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, funfun báláú, tí ó lè gba ogójì èèyàn, inú gbogbo èbúté dùn. Ẹni tó kọ́kọ́ gun orí rẹ̀ ni obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Onígírísì. Mẹkáníìkì ni. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí odò yẹn, kò sì sí ohun tí ẹ́ńjìnnì lè wí ní ìkọ̀kọ̀ tí òun kò ní gbọ́.

Ìyá Onígírísì rí ọ̀rá kan tí wọ́n so mọ́ ibi tí atukọ̀ máa ń dì mú. Ìwé búlúù náà wà nínú rẹ̀, ìdérí idẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbà lọ, ó ń dán, wọ́n fi okùn pupa so ó kó má baà sọnù. Ó ṣí ìwé náà lórí ìdúró, ó ka ojú ewé kẹta. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ihò kan wà nídìí ọkọ̀ yìí tí a ṣí sílẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde nígbà tó bá wà lórí ilẹ̀, kí ọkọ̀ tó wọ omi, ẹ fi ìdérí idẹ inú ọ̀rá yìí dí i, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Àwòrán ìdérí náà wà lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe tóbi gan-an ni wọ́n ṣe yà á. Ìyá Onígírísì ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sí ìdérí ni akọ̀wé já ọ̀rá, ìwé àti ìdérí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó bá ti ìlú òkèèrè wá, ojú Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀gá tú ọ̀rá náà lórí tábìlì. Kò wo ìwé. Idẹ tó ń dán ló wò, àti okùn pupa. Ó gbé e sókè síhà fèrèsé, ó yí i, ó sì bi akọ̀wé léèrè ohun tó rò pé ó jẹ́. Akọ̀wé kò mọ̀. Àmọ́ ó mọ Ọ̀gá rẹ̀. Ó ní bí ojú òun kò bá tàn òun jẹ, àmì ẹ̀yẹ ni, pé àwọn tó kan ọkọ̀ náà ti gbọ́ òkìkí Ọ̀gá lókè òkun, pé wọn kò lè fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu. Ó ní òun ti ń retí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìdérí ihò ìdí ọkọ̀ wà láyà Ọ̀gá, lápá òsì, lókè ọkàn. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìpàdé, ó wọ̀ ọ́ lọ ya fọ́tò, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún àwọn aládùúgbò pé ó ní kí òun má ṣe bọ́ ọ kúrò lára aṣọ kódà bí òun bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Ní ti ìwé, Ọ̀gá ní kí wọ́n kan àpótí gíláàsì fún un. Ó ní ìwé tó níyì tó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà láìní àwòrán olórí tó ni ín, wọ́n sì wá ojú ewé tí àyè pọ̀ sí jù láti lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́. Ojú ewé kẹta ni, torí ìlà mẹ́ta péré àti àwòrán kékeré kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa á káàkiri, wọ́n lẹ Ọ̀gá mọ́ ọn pẹ̀lú fìlà àti irùngbọ̀n, ìlà mẹ́ta yẹn sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà ti ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ fara balẹ̀, kò tíì débẹ̀.

Ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Aago mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, akọ̀wé á gbé àpótí gíláàsì jáde, Ọ̀gá á ka ìlà kan láti inú ìwé, á sì sọ ọ́ di òfin. Ìwé ní kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ nu ìjókòó. Ọ̀gá dá Ẹ̀ka Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀, èèyàn mẹ́rin àti olórí kan, wọ́n ń gbé ìkòkò omi sórí iná látàárọ̀ fún ọkọ̀ tí kò tíì kúrò lórí tírélà. Ìwé ní ẹni tó bá fẹ́ wọ odò kí ó sọ fún ẹnì kan létí omi ibi tó ń lọ. Ọ̀gá ní kí gbogbo èrò ọkọ̀ máa kọ̀wé ibi tí wọ́n ń lọ ní ẹ̀dà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ òdìkejì odò nìkan ni ibi tí ọkọ̀ yẹn lè lọ láyé. Ìwé ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ẹni tó ń tukọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá ní Atukọ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń wa odò yẹn kí Ọ̀gá tó mọ̀wé kọ, kò gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ọkọ̀. Ó tún ní kó máa wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Atukọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìbọ̀wọ́.

Orí kẹsàn-án ìwé ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ kò bá lo fíríìjì inú yàrá ìsùn ọkọ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà máa rùn. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bojú wolẹ̀ wo ọkọ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀, kò rí fíríìjì, kò rí yàrá, kò rí ibùsùn. Ó ní wọ́n ti jí wọn. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tú ìjókòó, wọ́n wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ibùsùn wà níbẹ̀. Wọ́n wá mú èsì wá pé fíríìjì ti wà rí, ṣùgbọ́n kò sí mọ́.

Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí Ìyá Onígírísì wo ìwé náà, fún wákàtí kan, akọ̀wé á dúró tì í. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló yọ pẹ́ńsù létí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ fíríìjì, ó kọ ọ́ pé: Kò sí nínú tiwa, ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ń bá wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù, ó kọ ọ́ pé: Ẹ máa yọ koríko láràárọ̀, odò wa kò dà bí tiwọn. Bí mo ti mọ̀ ọ́n, ìlà méjì yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo ìwé náà. Akọ̀wé pariwo bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, ó sì mú un lọ sókè.

Ìyá Onígírísì rí i pé bí òun bá ti débẹ̀ náà, kí òun kúkú sọ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí Ọ̀gá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ fíríìjì kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tí ẹ fi sáyà yẹn, ọkọ̀ ló ni ín. Ihò kan wà nídìí ọkọ̀, òun ni wọ́n fi ń dí i."

Akọ̀wé wo òrùlé.

Ọ̀gá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìdí ọkọ̀ lo fẹ́ kí n fi àmì ẹ̀yẹ mi sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún."

Bóyá tó bá ti sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, bóyá tó bá ti fi oyè mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìtàn yìí ì bá gba ọ̀nà míì. Ọ̀gá bá dìde lórí àga gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá àpótí kò rí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kíákíá ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó ní ìlara ni. Ó ní ẹni tó fi pẹ́ńsù ba ìwé ìjọba jẹ́ lè ba odò jẹ́. Ní ti fíríìjì, ó ní ẹni tó mọ̀ pé kò sí, òun ló mọ ibi tó wà. Akọ̀wé ní ọgbọ́n tó wà nínú gbólóhùn yẹn, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Wọ́n sì kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ní kí Ìyá Onígírísì lọ rọ́kún nílé nìyẹn. Ìwé gbélé-ẹ rẹ̀ ti wà ní títẹ̀, ó ku ìbuwọ́lù. Ọ̀gá ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ọkọ̀, láàárín odò, níwájú Kọmíṣọ́nà, ni òun yóò buwọ́ lù ú, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọkọ̀ tó bá ń tẹ̀lé ìwé kò nílò mẹkáníìkì. Tí ọkọ̀ bá lọ tó bọ̀ láyọ̀, iṣẹ́ ọdún méjìlélógún parí.

Kí Ìyá Onígírísì tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà, ó gbẹ́ igi kékeré kan, ó fi aṣọ tó ti rẹ sínú gírísì wé e, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lórí tírélà, ó sì gbá a wọ inú ihò náà dan-in dan-in. Wọ́n ti lé e, ẹ rántí. Ìyá wo ló tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nílé, ó sunkún. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé irin ni. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó jẹ́ kó sunkún tán, ó wá sọ fún un pé àṣìṣe tó ṣe ni igi tó gbẹ́ yẹn. "Ìwọ lo fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ó léfòó kí wọ́n lè rí ibi jókòó sí láti lé ẹ. Ò bá jẹ́ kó rì."

Ó ní, "Baálé mi, tó bá rì, ṣé Ọ̀gá nìkan ló máa wà nínú ẹ̀ ni?"

Télọ̀ padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Wọ́n ta aṣọ funfun yí èbúté ká, wọ́n gbé gbohùngbohùn kalẹ̀, wọ́n fi okùn ya àwọn ará òdìkejì odò tí ọkọ̀ wà fún sí apá ibi tí oòrùn ti mú jù. Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ náà ni Ọ̀gá wọ bàtà rọ́bà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá yẹ ọkọ̀ wò pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Atukọ̀ kò sí nítòsí, ó wà nínú yàrá kan tó ń bá ìbọ̀wọ́ funfun jìjàkadì. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀, ó rí igi. Ó ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí igi nínú àwòrán kankan. Ó ní kí akọ̀wé yọ ọ́. Akọ̀wé fà á yọ, ó jù ú sórí yanrìn, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ohun gbogbo wá bá ìwé mu.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Ìwé kò pa irọ́ o. Ìwé ti sọ ọ́ ní ojú ewé kẹta, fọ́tò Ọ̀gá ló jókòó lé e lórí.

Kọmíṣọ́nà dé láago mẹ́wàá, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Wọ́n sún ọkọ̀ wọ omi, wọ́n so ó mọ́ èbúté, Kọmíṣọ́nà, Ọ̀gá, akọ̀wé àti èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn bí ogún wọ inú rẹ̀, Atukọ̀ sì jókòó síwájú pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n fi òfin pa dé. Àpótí gíláàsì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá. Kí ọkọ̀ tó ṣí, Ọ̀gá ní òun ní ọ̀rọ̀ ṣókí. Ó yọ ìwé olójú ewé méjìdínlógún jáde.

"Kọmíṣọ́nà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọlọ́lá gbogbo, kí n tó wáyé, odò yìí ti wà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Omi lásán ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di ojú ọ̀nà."

Ìyá Onígírísì wà láàárín èrò lẹ́yìn okùn. Ó wá wò ó bóyá igi òun yóò mú ni. Kò pẹ́ tó fi rí igi náà lórí yanrìn níbi tí tírélà ti kúrò, aṣọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni kó dákẹ́. Tó bá dákẹ́, omi á bá a sọ ohun tó ti sọ tí wọn kò gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi, nítorí àwọn ni wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Ó wo Atukọ̀, bàbá náà, tó jókòó gan-n-gan síwájú nínú ìbọ̀wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó gbé igi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró, ó ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n pè.

Nínú ọkọ̀, Ọ̀gá ti dé ojú ewé kẹfà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Omi ti dé àtẹ́lẹsẹ̀. Atukọ̀ rí i, ó na ìka funfun sí ilẹ̀; Ọ̀gá ṣíjú mọ́ ọn, ó fa ìka náà padà. Ẹnì kan láàárín àwọn jàǹkàn-jàǹkàn gbé ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ta ni yóò dá Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀? Akọ̀wé rí i pé nǹkan ń fẹ́ bàjẹ́, ó sọ sókè pé omi náà ló wá kí Ọ̀gá. Ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́.

"Omi gan-an mọ̀ mí," Ọ̀gá ní. "Bí mo bá ní kó dúró, á dúró."

Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní ojú ewé kẹsàn-án, ìwé gbélé-ẹ Ìyá Onígírísì, tó wà nínú àpò kan nílẹ̀, léfòó jáde, ó sì ń yí ká láàárín àwọn bàtà. Akọ̀wé ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ìgbín sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Kọmíṣọ́nà bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn lé itan. Ó tẹ̀ba, ó ṣí àpótí gíláàsì tí omi ti wọ inú rẹ̀, ó mú ìwé búlúù náà jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀gá tí ìwé yìí ti bá pàdé, òun ni àkọ́kọ́ tó ṣí i nítorí pé ó fẹ́ mọ nǹkan. Ó ṣí ojú ewé kẹta. Gọ́ọ̀mù ti rọ̀. Fọ́tò Ọ̀gá yọ̀ kúrò lójú ìwé wẹ́rẹ́, ó bọ́ sómi, ó dojú bolẹ̀, ìlà mẹ́ta àti àwòrán kékeré yẹn sì yọ. Kọmíṣọ́nà kà á. Ó wo àwòrán. Ó gbé ojú sókè wo àyà Ọ̀gá. Ó tún wo àwòrán.

Àsìkò yẹn náà ni Ìyá Onígírísì já mọ́ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ó dé etí èbúté, igi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. Ihò wà nídìí ọkọ̀. Ìdérí rẹ̀ ló wà láyà wọn yẹn."

"Mo ti rí i," Kọmíṣọ́nà dáhùn. Ó na ọwọ́ sí Ọ̀gá, àtẹ́lẹwọ́ sókè. "Bọ́ ọ."

Ọ̀gá wo akọ̀wé. Akọ̀wé ń wo òdìkejì odò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó rẹwà. Ọ̀gá bá gbé ọwọ́ sáyà, àmọ́ okùn pupa ti ta kókó, ni Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ bá já a. Ìyá Onígírísì gbà á, ó wọ inú omi tó dé orókún nínú ọkọ̀, ó tẹ̀ba títí etí rẹ̀ kan fi wọ omi, ó fọwọ́ wá ihò náà, ó sì yí ìdérí wọlé. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó mú ṣinṣin. Omi ò wọlé mọ́. Atukọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó la ẹnu, ó ní kí gbogbo èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkọ̀ má baà dà nù, ó sì fún àwọn jàǹkàn-jàǹkàn ní ike kọ̀ọ̀kan láti fi gbọ́n omi. Wọ́n gbọ́n ọn. Kọmíṣọ́nà náà gbọ́n. Ẹ̀ka Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló yá wọn ní ike, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wúlò fún láti ìgbà tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́n omi tán, Kọmíṣọ́nà béèrè ohun tó wà nínú ìwé tó léfòó yẹn. Wọ́n fún un, tàdáwà rẹ̀ ti ṣàn pọ̀. Ó bi Ìyá Onígírísì bóyá òun ló ni orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Kọmíṣọ́nà ká a, ó sì fi nu awò ojú rẹ̀.

Wọn kò lé Ọ̀gá. Ìjọba kì í lé irú wọn, wọ́n kàn máa ń gbé wọn síbi tí ariwo wọn kò ti ní dé ìta. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sí, ní òdìkejì odò, àga rẹ̀ níbẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kanlẹ̀ dáadáa. Akọ̀wé wà pẹ̀lú ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá tuntun yìí kì í tètè rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà kì í sì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwé búlúù ti kúrò nínú gíláàsì. Inú ọkọ̀ ló wà, nínú ọ̀rá, pẹ́ńsù ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí ojú ewé rẹ̀ sì ti kún fún àkọsílẹ̀ Ìyá Onígírísì: ibi tí yanrìn ti ga lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, irú koríko tó ń wọ pọ́ǹpù, ohun tí èèyàn lè ṣe dípò kíkàn sí aṣojú tó sún mọ́ni jù lọ. Ohun tí ìwé kò mọ̀, ó ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, ọ̀dájú ni wọ́n, wọ́n sọ ìdérí idẹ náà ní Ọ̀gá. Láràárọ̀, kí èrò tó máa wọlé, Atukọ̀ á béèrè láti iwájú bóyá Ọ̀gá ti wà níbẹ̀, Ìyá Onígírísì á fọwọ́ kàn án, á sì dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá àná wọ ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, ó jókòó sáàárín èrò. Àyà aṣọ rẹ̀ ṣófo, ihò abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà níbẹ̀. Atukọ̀ kò rí i. Ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ìyá, ṣé Ọ̀gá wà níbẹ̀?"

Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó dìde díẹ̀ lórí ìjókòó kí wọ́n lè rí i dáadáa.

"Mo wà níbí," ó ní. "Ẹ lè máa lọ."

Ogójì èèyàn bojú wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyá Onígírísì kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ìdérí náà lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú, ó sì ní kí Atukọ̀ tú okùn.